Sí Àbẹ̀kẹ́, Nípa Ọkọ̀ Aláwọ̀ Eérú

Àbẹ̀kẹ́ mi, ọmọ tó jọ ìyá rẹ̀ lẹ́nu àti lẹ́sẹ̀,

Òní ló pé ọjọ́ méjìlélógún tí mo sìn ọ́ dé pápákọ̀ òfurufú, tí o ní kí n má dúró máa wò ọ́ lẹ́yìn. Mo dúró. Mo wò títí ìborí rẹ fi wọ àárín èrò tí mi ò rí i mọ́, lẹ́yìn náà mo wọ bọ́ọ̀sì padà sí Al Qusais, ní Dubai níbí. Ibi tí mo wà báyìí kò jọ ilé wa ní Al Muteena. Bedspace ni, ibùsùn kan péré ni mo yá, àwa mẹ́rin la sì wà nínú yàrá náà. Àwọn mẹ́ta yòókù jẹ́ ọmọ Gánà tó ń ṣọ́ ilé ìtajà. Bí ọ̀kan bá ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀, èkejì ń lọ, nítorí náà ìgbà gbogbo ni ẹnì kan ń sùn, a kì í sọ̀rọ̀ sókè. Wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún mi. "Baba, you don chop?" ni wọ́n máa ń bi mí, èmi náà á ní mo ti jẹ. Ìgbà míì, mi ò tíì jẹ. Ìgbà míì ẹ̀wẹ̀, oúnjẹ tí mo bá sè á ṣẹ́ kù tí wọn ò ní lè jẹ tán. Mi ò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń se ìrẹsì ẹnì kan.

Mo mọ̀ pé orí fóònù ni gbogbo ayé ti ń sọ̀rọ̀ báyìí. Ṣùgbọ́n ohun tí o sọ lọ́jọ́ Àtàláátà kò tán nínú mi. O pè, o ní, "Dádì, mẹ́káníìkì ti gbé ọkọ̀ aláwọ̀ eérú yẹn rìn. Ó ní sítíárìn rẹ̀ ń wúwo tí òun bá yí i sósì, nǹkan kan sì ń dún kọ́kọ́kọ́ lábẹ́ ẹsẹ̀ òun."

Mo ní, "Kí ló wí sí i?"

"Ó ní, 'Àǹtí, ẹ jẹ́ ká fi gírísì rẹ́ ẹ. Ta ló ń wo ìyẹn? Orúkọ tó wà níwájú ẹ̀ ti tà á tán.'"

Mo ní kí o má tà á. O ní, "Dádì, ọkọ̀ àkọ́kọ́ tí mo máa tà nìyí. Ọ̀gá Tíṣà ti san àsansílẹ̀, Sátidé tó ń bọ̀ ló fẹ́ wá gbé e. Tí mo bá ní mi ò tà mọ́, gbogbo ọgbà ọkọ̀ n'Íbàdàn níbí á ní ọmọ Dubai ti dé, kò mọ iṣẹ́."

Mo ní, "Dákun, Àbẹ̀kẹ́."

O ní, "Màá rò ó." Ibẹ̀ ni fóònù kú sí.

Ọmọ mi, "màá rò ó" yẹn kò jẹ́ kí n jókòó. Bí ìyá rẹ bá wà láyé ni, ọwọ́ rẹ̀ ni mo máa fi fóònù sí, òun ló mọ bí wọ́n ṣe ń bá ọ sọ̀rọ̀ tí wàá fi gbà láìjẹ́ pé wọ́n pa á láṣẹ fún ọ. Ẹnu tèmi kì í yá lórí fóònù. Ìwé mẹ́fà tí mo kà ní Ìṣẹ́yìn ni mo fi ń kọ èyí, bí àṣìṣe bá wà, fojú fò ó. O ní o máa rò ó. Mo fẹ́ kí o rò ó, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí o kó àwọn ọ̀rọ̀ yìí mọ́ ọn.

Èkíní: ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn ará ọgbà ọkọ̀. Nígbà tí mo ń wa takisí n'Íbàdàn, tí mi ò tíì mọ ìyá rẹ, kò sí ẹni tó ka ọkọ̀ Japan sí. Ọkọ̀ àwọn Faransé àti ti àwọn Jámánì ni ọlọ́lá ń gùn. Lọ́jọ́ kan, ọkùnrin ará Ọ̀yọ́ kan gbé ọkọ̀ Japan kékeré kan wọ gáréèjì wa, ìyẹn ọkọ̀ ilé-iṣẹ́ kan náà tí àwa ń rà lónìí. Iṣẹ́ dúró. A yí i ká.

"Ẹ bá mi wo agolo sàdíìnì!"

"Tí òjò bá pa á, ṣé kò ní yòrò?"

"Ẹ̀yin ará Òkè Màpó, ẹ yà lọ́nà o! Sàdíìnì fẹ́ gun òkè!"

Èmi ni mo pariwo jù. Ọkùnrin náà kò bínú. Ó ní, "Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Ẹ kàn máa bá mi wò ó bóyá ẹ máa tì í." A kò tì í. Nígbà ọyẹ́, àwọn ọkọ̀ ńlá tiwa la máa ń tì láàárọ̀ kí wọ́n tó dáhùn, sàdíìnì á sì gba ẹ̀gbẹ́ wa kọjá, á fun fèrè pọ́ọ̀n. Nígbà tí olówó rẹ̀ fẹ́ tà á, èmi ló kọ́kọ́ fi lọ̀, nítorí pé ó rí i pé mo máa ń tọ́jú ọkọ̀ ọ̀gá mi. Ó wù mí. Ṣùgbọ́n mo ro ti àwọn tí a jọ ń rẹ́rìn-ín, mo ní rárá. Ọkọ̀ Faransé kan ni mo rà, òun ló sì sọ mí di ẹni tó ń sùn sí ilé mẹ́káníìkì. Nítorí ẹnu ọ̀rẹ́ ni o. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó wá bá mi tì í.

Nítorí náà, bí wọ́n bá pè ọ́ ní ọmọ Dubai, jẹ́ kí wọ́n máa pè. Bí ọkọ̀ náà bá yà kúrò lójú ọ̀nà pẹ̀lú Ọ̀gá Tíṣà nínú, kì í ṣe ẹnu wọn ni ìyàwó rẹ̀ máa wá bá, ìwọ ni.

Ìkejì: orúkọ tí mẹ́káníìkì rẹ ní ó ti ta ọkọ̀ tán. Ó dára kí o mọ bí wọ́n ṣe rí orúkọ náà. Lẹ́nu Chacha ni mo ti gbọ́ ọ, ọ̀gá wa ará Peshawar tó ń yí sítíárìn ọkọ̀ láti ọ̀tún sósì fún wa kí ọjà tó wó. O mọ̀ pé tí ó bá ti gbé tíì dání, kò sí ohun tí kò lè sọ. Ìtàn ẹnu ni, bí ó bá yàtọ̀ díẹ̀ nínú ìwé, ìwọ tí o kàwé jù mí lọ, tún un ṣe.

Ó ní àwọn tó dá ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀, ọkọ̀ kọ́ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, ẹ̀rọ ìhunṣọ ni. Ó ní ọmọ gbẹ́nàgbẹ́nà kan ló rí bí ìyà aṣọ híhun ṣe ń jẹ ìyá rẹ̀, ó wá ń ronú títí. Nígbẹ̀yìn, ó ṣe ẹ̀rọ kan tó jẹ́ pé bí òwú kan ṣoṣo bá já, ẹ̀rọ náà á dá ara rẹ̀ dúró, kò ní hun aṣọ tó lábùkù kọjá.

Nígbà tí mo gbọ́ ìyẹn, mo dìde. Àbẹ̀kẹ́, o kò bá bàbá mi láyé, ṣùgbọ́n o mọ̀ pé òfì ló ń hun n'Íṣẹ́yìn. Bí òwú bá já, ọwọ́ rẹ̀ á dúró. Á tẹ̀ síwájú, á wá orí òwú náà rí, á so ó, á fi ìka tẹ̀ ẹ́ wò. Àwọn ará ilé ìyàwó lè dúró lórí rẹ̀ kí wọ́n máa wí pé ọ̀la ni ìgbéyàwó o, kò ní gbọ́. Ó máa ń ní, "Òwú tó já tí mo bá hun kọjá, ẹni tó bá wọ aṣọ ló máa rí i." Mo sọ èyí fún Chacha. Ìyá rẹ pàtẹ́wọ́, ó ní, "Họ́wù! Wọ́n jí iṣẹ́ bàbá ọkọ mi gbé lọ sí Japan!" Chacha rẹ́rìn-ín débi pé tíì dà sí i láṣọ. "Khalas, Mama, ó parí! Yalla, ẹ yára lọ gba ilé-iṣẹ́ yín padà lọ́wọ́ wọn!"

Ó ní nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbé ọkọ̀ wọn lọ tà ní Amẹ́ríkà, kò ṣe dáadáa. Kò lè gun òkè ibẹ̀, omi inú rẹ̀ ń hó, ó ń gbọ̀n lójú ọ̀nà tí ó gùn tí ó sì tẹ́jú. Kí ni wọ́n ṣe? Wọn ò fi gírísì rẹ́ ẹ. Wọ́n dá a dúró, wọ́n padà sílé lọ ṣe òmíràn. Ojú tì wọ́n, ṣùgbọ́n wọ́n padà sílé. Ó tún ní nínú ilé-iṣẹ́ wọn, okùn kan wà lókè orí àwọn òṣìṣẹ́. Ẹni tó bá rí ohun tí kò tọ́, ì báà jẹ́ àná ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ó lè fa okùn náà kí gbogbo iṣẹ́ dúró, ọ̀gá kò sì ní wá bú u. Ó máa wá bi í ní ohun tó rí.

Àwọn ará Ìbàdàn tó ń wo orúkọ iwájú ọkọ̀ lónìí rò pé irin ló ń jẹ́ orúkọ náà. Àwọn tó dúró nígbà tí òwú já ló ń jẹ́ ẹ. Ìwọ ni ẹni ìkẹyìn tó fọwọ́ kan ọkọ̀ yìí kí ó tó di ti Ọ̀gá Tíṣà. Lẹ́yìn rẹ, kò sí ẹni tó máa fa okùn mọ́.

Ìkẹta, èyí ló sì ń dùn mí jù láti kọ. Bí ọkọ̀ náà bá ti Japan dé, kò sí àléébù lára rẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún ni sítíárìn wọn máa ń wà, ìjọba tiwa kò sì gbà á bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí a fi ń yí i sósì ní àwọn ṣọ́ọ̀bù Sharjah níbí kí ó tó wọ kọ̀ǹténà. Láti ibi tí ayùn bá ti kan irin rẹ̀ ni orúkọ àwọn ará Japan ti parí, tiwa ló bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ náà, á lọ wá ọkọ̀ tí wọ́n ṣe ọwọ́ òsì fún láti ilé, tó ti ní jàǹbá lẹ́yìn ṣùgbọ́n tí iwájú rẹ̀ pé, á sì tú odindi ìdarí rẹ̀, sítíárìn àti gbogbo ohun tó so mọ́ ọn, wá síbí. Ẹni tí kò bá fẹ́ wàhálà, á gé ọ̀pá sítíárìn ọwọ́ ọ̀tún, á jó irin míì mọ́ ọn kí ó lè gùn dé òsì, á kùn ún lọ́dà. Lójú, ọ̀kan náà ni wọ́n.

Bí ìyá rẹ ṣe ń mọ ìyàtọ̀ rẹ̀, o ti rí i rí, ṣùgbọ́n o kéré nígbà náà, o rò pé eré ló ń ṣe. Kì í wo abẹ́ ọkọ̀. Á ṣílẹ̀kùn, á jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ dírẹ́bà, á gbé báàgì rẹ̀ lé itan. "Ẹni tó jó o ni kó gbé mi." Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà tó ní, "Mama, iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ mi." Ó ní, "Iṣẹ́ náà rèé, habibi, ọ̀rẹ́ mi. Jókòó, gbé mi yípo." Ojú ọ̀nà tó yí po ní Industrial Area ni wọ́n máa lọ, á sì ní kó yí i kíkankíkan, sọ́tùn-ún, sósì. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ bá balẹ̀ á máa fi ẹnu lu ìlù títí wọn ó fi dé. Ẹni tó bá ń tọrọ àforíjì, tó ní òun kọ́kọ́ fẹ́ tún nǹkan kan wò, a ti gbọ́ ìdáhùn rẹ̀.

Ọjà wá wó. O rí i, ìwọ náà wà níbẹ̀. Àwọn ẹ̀rọ agbérù tó ń kọ́ ilé ga dúró sójú kan bí igi tó kú. Àwọn èèyàn gbé ọkọ̀ sílẹ̀ ní pápákọ̀ òfurufú pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ nínú rẹ̀, wọ́n sá lọ sí ìlú wọn, eruku bo àwọn ọkọ̀ náà. Ọ́fíìsì tí o ti ń ṣiṣẹ́ tì. Ṣọ́ọ̀bù Chacha ṣófo, ó di ẹrù rẹ̀, ó padà sí Peshawar. Kí ọdún náà tó parí, a gbé ìyá rẹ lọ sí ibojì tó wà ní Al Qusais níbí. Lẹ́yìn àdúrà ogójì ọjọ́ ni mo ra ọkọ̀ aláwọ̀ eérú. Ṣọ́ọ̀bù míì ni mo gbé e lọ, nítorí pé kò sí Chacha mọ́. Nígbà tí wọ́n parí rẹ̀, ọmọkùnrin tó ṣe é ṣílẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ dírẹ́bà fún mi, ó ní, "Baba, come." Mo wo àga yẹn. Mi ò lè jókòó síbẹ̀. Mo ní ó ti dára, kí wọ́n gbé e wọ kọ̀ǹténà.

Lọ́jọ́ Àlàrùbá, ọjọ́ kejì tí o pè mí, mo padà lọ bá ọmọkùnrin náà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Mo jókòó sínú èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí. Mo ní, "Ṣé bí o ṣe ṣe aláwọ̀ eérú ni o ṣe èyí?"

"Same same, Baba. Strong welding."

"Ó dáa. Gbé mi yípo."

Ọmọ náà wo ilẹ̀. Ó ní, "Not this one, Baba."

Ohun tí mo fẹ́ kí o mọ̀ nìyẹn, Àbẹ̀kẹ́. Ìró tí mẹ́káníìkì rẹ gbọ́ kì í ṣe ìró gírísì. Wọ́n jó ọ̀pá náà pọ̀ ni. Ó lè gbé Ọ̀gá Tíṣà lọ gbé e bọ̀ fún oṣù mẹ́ta, kó sì já mọ́ ọn lọ́wọ́ ní kọ́nà kan lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́, tó bá ń kó àwọn ọmọ rẹ̀ lọ sílé ìwé. Sítíárìn á máa yí lọ́wọ́ rẹ̀, táyà kò ní yí.

Bí o bá ka ibi yìí tán, kọ́kọ́ lọ yọ bátìrì ọkọ̀ náà, gbé e wọ yàrá rẹ, kí ẹnikẹ́ni má baà gbé e jáde nígbà tí o kò sí níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ìwọ fúnra rẹ ni kí o lọ sí ilé Ọ̀gá Tíṣà, má pè é lórí fóònù, má sì rán mẹ́káníìkì. Kúnlẹ̀ kí i dáadáa, nítorí àgbà ni. Má wí pé "wọ́n ní." Wí pé, "Sà, ọ̀pá sítíárìn ọkọ̀ náà kò dára, àwa la gbé e wá bẹ́ẹ̀, a máa tún un ṣe." Bí ó bá fẹ́ dúró, kí ó dúró. Bí ó bá fẹ́ owó rẹ̀, fún un lójú ẹsẹ̀, má jẹ́ kí ó bèèrè lẹ́ẹ̀mejì. Bí ó bá bínú, jẹ́ kí ó bínú tán. Ẹni tó ń pariwo lé ọ lórí lónìí ṣì wà láàyè tó lè pariwo.

Mo ti rí ìdarí tó tọ́. Mo rìn káàkiri Sharjah kí n tó rí i, lára ọkọ̀ kan tí wọ́n gé sí méjì. Alhaja tó ń ra léèsì ní Deira, tó mú lẹ́tà yìí wá fún ọ, àwọn náà ló gbé e sínú ẹrù wọn. Nígbà tí mo gbé e dé ọ̀dọ̀ wọn, wọ́n ní, "Bàbá Àbẹ̀kẹ́, ṣé kí n fi irin yìí wé gèlè ni?" Mo bẹ̀ wọ́n títí. Dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn gidigidi. Má jẹ́ kí mẹ́káníìkì tó dábàá gírísì yẹn fọwọ́ kàn án. Wá ẹlòmíì, bí ó bá sì ṣe é tán, ìwọ mọ ohun tí o máa ní kó ṣe.

Mi ò rántí iye tí mo ti kà dé mọ́, ṣùgbọ́n ọ̀kan ṣẹ́ kù. O ń bi mí ìgbà tí mo ń bọ̀ wálé. Mi ò tíì mọ̀. Bí mo bá kí ìrun Jímọ̀ tán, mo máa ń lọ sí ibojì, mo máa ń dúró díẹ̀, oòrùn ibẹ̀ kì í jẹ́ kí èèyàn pẹ́. Lọ́nà ọgbà ọkọ̀, ará Malabar tó ń ta tíì ṣì ń gbé ife méjì wá fún mi, tèmi àti ti ìyá rẹ, láì bèèrè. Mi ò tíì sọ fún un. Mo ń mu méjèèjì. Èyí kì í ṣe kí àánú mi lè ṣe ọ́. Mo ń sọ ọ́ kí ìwọ má baà máa gbé irú ayé yìí. O ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìlú tí o kò gbé rí. Má máa ti ọgbà bọ̀ kí o kàn ti ilẹ̀kùn mọ́ra rẹ. Jẹun pẹ̀lú èèyàn. Bí ará ilé rẹ bá ní kí o wá jẹun, má ní o ti jẹ bí èmi ti ń ṣe.

Àti pé mo mọ ohun tó wà nísàlẹ̀ "màá rò ó" yẹn. O rò pé bí ọkọ̀ àkọ́kọ́ bá padà, mo máa ní ó ti tó, mo máa ká iṣẹ́ tí èmi àti ìyá rẹ dá sílẹ̀ kúrò nílẹ̀. Rárá o. Dá èyí dúró, kí o má sì bẹ̀rù pé ọgbà rẹ máa ṣófo. Èmi á máa ra ọkọ̀, èmi á máa jókòó sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan kí ó tó wọ kọ̀ǹténà, èmi á sì máa fi wọ́n ránṣẹ́ sí ọ.

Bàbá rẹ tó fẹ́ràn rẹ.